Orí Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Tako Ìbéèrè Àṣẹ Ìkọ́lé Lórí Pápá Koríko ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

1. Ẹ̀tọ́ onílẹ̀ àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ni àwọn baba wa ń kì í, nítorí kò sí ẹni tí yóò jẹun tí ọkọ́ kò ní í kan orí ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí ó san owó rẹ̀ pé, tí ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpótí rẹ̀, kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn lórí ilẹ̀ náà láìgba àṣẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1948, nígbà tí Òfin Ètò Ìlú àti Ìgbèríko ti ọdún 1947 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni a ti mú ẹ̀tọ́ ìkọ́lé kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀, tí a sì fi í sí abẹ́ àṣẹ káńsù àdúgbò; òfin ti ọdún 1990 ni ó jókòó sípò rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò yí padà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa, nítorí Òfin Ètò Ìlú tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Nàìjíríà ní ọdún 1946, láti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1932 ni wọ́n ti fà á yọ.

Bí òfin ti fi agbára yìí lé káńsù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n kéde ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó dájọ́, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kì í ṣe aládùúgbò nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ yìí. Ayálégbé, àlejò tí kò tí ì di ọmọ onílùú, àní ẹni tí ń gbé ní òdìkejì ìlú pàápàá lè kọ̀wé. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní London àti Manchester, tí wọ́n ti rí i kí káńsù fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn nípa ilé tí aládùúgbò fẹ́ kọ́, tí wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwọn náà ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kókó orí yìí ni pé ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ń kọ ìwé àtakò. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí ó sọ ohun tí ó rí, ibi tí ó ti rí i, ìgbà tí ó rí i, àti apá tí ohun náà kàn nínú òfin. Ẹni tí ó bá ṣe èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun nìkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wúwo ju ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí inú ń bí lọ.

2. Ohun tí pápá koríko jẹ́

Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ igbó kìjikìji àti oko kòkó lè wo pápá koríko kí ó sì rò pé ilẹ̀ tí a pa tì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní North Meadow, lẹ́bàá ìlú Cricklade ní àgbègbè Wiltshire, pápá kan wà láàárín odò Thames àti odò Churn tí àwọn ará ìlú ti ń gé koríko rẹ̀ fún oúnjẹ ẹran láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Nígbà tí ó bá di oṣù Keje, tí òdòdó ti so, tí èso rẹ̀ sì ti dà sílẹ̀, ni wọ́n ń gé koríko náà. Láti oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kejì ni màlúù àti ẹṣin ń jẹ ohun tí ó kù. Lẹ́yìn náà ni wọn a kó ẹran kúrò kí ilẹ̀ lè tún rú. Nítorí ìlànà tí kò yẹ̀ yìí ni òdòdó fritillary, tí ó tẹ orí ba, tí ara rẹ̀ sì kún fún àmì wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù, fi ń hù níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin, débi pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ tí ó kù ní orílẹ̀-èdè náà, orí pápá yìí ni ó wà.

Láàárín ọdún 1930 sí 1984, ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú pápá olódòdó bẹ́ẹ̀ ni ó pòórá ní England àti Wales. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀ kí oúnjẹ lè pọ̀; lẹ́yìn ogun ni ajílẹ̀ oníyẹ̀fun dé, èyí tí ń mú kí koríko líle ga kí ó sì fún òdòdó kéékèèké pa; nígbà tí ó yá, ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ gba èyí tí ó kù. Ẹni tí ó bá ń tako ìkọ́lé gbọ́dọ̀ lóye èyí, nítorí olùbéèrè yóò sọ pé òun yóò gbin òdòdó mìíràn síbòmíràn. Òótọ́ sì ni pé a lè gbin òdòdó ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò tí ì jẹ ajílẹ̀ rí, tí a ti ń gé koríko rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá, kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà.

3. Ọ̀nà tí ìwé ìbéèrè ń gbà

Olùbéèrè yóò kó àwòrán ilé, àwòrán ilẹ̀ àti ìròyìn àwọn amòye jọ, yóò san owó, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí káńsù. Káńsù yóò fún un ní nọ́ńbà, wọn yóò lẹ ìwé ìkéde mọ́ òpó lẹ́bàá ilẹ̀ náà tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tí ààlà wọn kan tirẹ̀, wọn yóò sì kéde èyí tí ó bá tóbi nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni a sábà máa ń fún aráàlú láti sọ tẹnu wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin fún káńsù láti dájọ́ lórí ìbéèrè kékeré, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá sì ni fún ńlá, bí àpẹẹrẹ, èyí tí ilé rẹ̀ bá tó mẹ́wàá tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Èkíní ni ìbéèrè kíkún, tí ó fi gbogbo ilé, fèrèsé àti òpópónà hàn. Èkejì ni ìbéèrè ìlànà, tí ń béèrè ohun kan ṣoṣo: ǹjẹ́ a lè kọ́ ilé síbí bí? Ọ̀pọ̀ alátakò ti tìtorí pé àwòrán ilé kò sí nínú èyí èkejì sọ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá mú àwòrán wá kí àwọn tó fọhùn. Ìgbà tí àwòrán yóò fi dé, ọ̀rọ̀ bóyá kí a kọ́ ilé ti parí, ọ̀rọ̀ àwọ̀ bíríkì àti igun òrùlé ni ó kù.

Òfin ọdún 2004 sọ pé ìwé ètò àdúgbò ni káńsù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nínú ìdájọ́, àfi bí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kan ètò ilẹ̀ bá wúwo jù ú lọ. Nítorí náà ìwé àkọ́kà alátakò ni ìwé ètò yẹn. Bí ó bá rí i pé wọ́n ti ya pápá náà sọ́tọ̀ fún ilé nínú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ààbọ̀ ìjà ti lọ, nítorí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ètò náà ni ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè ewéko tàbí ibùgbé ẹranko ni, kí ó kọ nọ́ńbà ìlànà náà sílẹ̀, nítorí òun ni yóò jẹ́ òpó ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé pé káńsù tí kò bá lè fi hàn pé ilẹ̀ ilé tí yóò tó fún ọdún márùn-ún wà nílẹ̀, agbára ìwé ètò rẹ̀ a dín kù, olùbéèrè a sì máa fi èyí ṣe ọ̀nà àbáwọlé.

4. Ọ̀rọ̀ tí ó wọlé àti ọ̀rọ̀ tí kò wọlé

Ohun tí òfin ń wò ni ire gbogbo ìlú nínú lílo ilẹ̀. Nítorí ìdí yìí, ọ̀rọ̀ omíyalé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ewu ojú ọ̀nà, ti ẹranko àti ewéko tí òfin dáàbò bò, ti ilé àtijọ́ àti ìrísí ìgbèríko, ti ariwo, àti ti ilé gíga tí yóò dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ aládùúgbò, gbogbo wọn ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n pé owó ilé ẹni yóò já, pé òkè tí a ń wò láti ojú fèrèsé yóò bọ́ sẹ́yìn òrùlé, pé olùbéèrè jẹ́ oníwọra, pé ààlà ilẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ìwọ̀nyí kò wọlé, bí ó ti wù kí wọ́n dun ni tó.

Lórí pápá koríko, ọ̀rọ̀ ẹranko àti ewéko ni ó sábà máa ń lágbára jù. Òfin Ẹranko Ìgbẹ́ àti Ìgbèríko ti ọdún 1981 dáàbò bo ọ̀pọ̀ ẹ̀dá, lára wọn ni newt ńlá, ẹran kékeré tí ó jọ alángbá tí ń gbé inú ọ̀gọ̀dọ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, fún àwọn ìkọ́lé ńlá, àti láti oṣù Kẹrin ọdún náà fún àwọn kéékèèké, ó ti di dandan kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún iye ẹ̀dá inú ilẹ̀ ju bí wọ́n ti bá a lọ, kí wọ́n sì tọ́jú àlékún náà fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn onílẹ̀ kan lè fẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, kí wọ́n tú pápá palẹ̀ kí wọ́n tó béèrè àṣẹ, kí ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó sọ pé bí wọ́n bá ba ilẹ̀ jẹ́ láìgbàṣẹ láti ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2020 síwájú, bí ilẹ̀ náà ti rí kí wọ́n tó bà á jẹ́ ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Níhìn-ín ni fọ́tò àtijọ́ tí aládùúgbò yà nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sáré láàárín òdòdó ti ń di ẹ̀rí.

5. Kíkọ ìwé àtakò

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ méjì tí a kọ fún ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀. Ẹni kìíní kọ ọ́ báyìí:

“Olè ni gbogbo ẹ̀yin káńsù yìí. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ ti gba rìbá? Bí wọ́n bá kọ́ ilé sí pápá yìí, owó ilé mi yóò já, n kò sì ní í rí òkè tí mo ń wò láràárọ̀ mọ́. Gbogbo wa ni a tako ó.”

Nínú gbólóhùn mẹ́rin yìí, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí òṣìṣẹ́ káńsù lè lò. Èkíní àti èkejì lè gbé òǹkọ̀wé dé ilé ẹjọ́ nítorí ìbanilórúkọjẹ́, nítorí ìwé àtakò kì í ṣe ìwé àṣírí, gbogbo ayé ni ó lè kà á. Ẹ̀kẹta kò wọlé lójú òfin. Ẹ̀kẹrin kò sọ ẹni tí “gbogbo wa” jẹ́. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹni kejì kọ tirẹ̀ báyìí:

“Mo tako ìbéèrè yìí nítorí ìdí mẹ́ta. Èkíní, ìròyìn ẹranko àti ewéko tí olùbéèrè fi ránṣẹ́ sọ pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n wo pápá náà. Ní oṣù yẹn a ti gé koríko, òdòdó kò sí lójú ilẹ̀, newt sì ti wọ ihò rẹ̀. Mo bẹ káńsù kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò tuntun láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje fún ewéko, àti ní ìgbà ìrúwé fún ọ̀gọ̀dọ̀. Èkejì, igun ìsàlẹ̀ pápá náà, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé mẹ́fà sí, wà ní agbègbè omíyalé ìpele kẹta nínú àwòrán ìjọba. Fọ́tò tí mo yà ní oṣù Kejì, nígbà tí omi bo ẹnu géètì, wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀nà àbáwọlé gbà lẹ́ẹ̀kan, kò sí ibi ìrìnsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà láàárọ̀. Bí káńsù bá rí i pé àṣẹ gbọ́dọ̀ jáde, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi dandan lé e pé kí a má fọwọ́ kan ọ̀gọ̀dọ̀ àti ọgbà igi tí ó yí pápá náà ká.”

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí bí ẹni kejì ti ka ìròyìn olùbéèrè fúnra rẹ̀, tí ó sì wá oṣù tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò; ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú jù, nítorí olùbéèrè tí ìkánjú mú a máa rán amòye lọ wo òdòdó ní ìgbà òtútù. Kí ó tún kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn, èyí tí ó jẹ́ ọgbọ́n àgbà: ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè má borí kò kọ̀ láti béèrè ohun tí yóò dín ìpalára kù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nípa ti ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fọwọ́ sí, ó dára láti fi iye ènìyàn hàn, ṣùgbọ́n ìdí tuntun ni káńsù ń wá. Ìwé mẹ́wàá tí ó sọ ìdí mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju igba ìwé tí wọ́n dà kọ láti ara ọ̀kan ṣoṣo.

6. Níwájú ìgbìmọ̀

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè kì í dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú; òṣìṣẹ́ ètò ìlú ni ń fi àṣẹ tí a fún un parí wọn nínú ọ́fíìsì. Bí alátakò bá fẹ́ kí àwọn tí aráàlú dìbò yàn gbọ́ ọ, kí ó tètè tọ aṣojú àdúgbò rẹ̀ lọ, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pe ìwé náà sí iwájú ìgbìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ káńsù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún alátakò láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ tó ogún. Nítorí náà kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe agbẹnusọ, kí àwọn yòókù pín iṣẹ́ ìwádìí láàárín ara wọn, èyí tí ó mọ ẹyẹ kí ó wádìí ẹyẹ, èyí tí ó jẹ́ awakọ̀ kí ó wọn ojú ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn aṣojú lè kọ ìmọ̀ràn òṣìṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó bá òfin mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí olùbéèrè bá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ó sì jàre, káńsù lè san owó ẹjọ́ rẹ̀.

7. Ọ̀nà kejì: pápá ìṣeré àwọn ará ìlú

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òfin Ilẹ̀ Àjùmọ̀ní ti ọdún 2006 fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: bí àwọn ará àdúgbò kan bá ti ń lo ilẹ̀ kan fún eré àti ìgbafẹ́ fún ogún ọdún, láìfi agbára wọlé, láìṣe é ní ìkọ̀kọ̀, láìsì gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀, wọ́n lè béèrè pé kí a kọ orúkọ ilẹ̀ náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí pápá ìlú, lẹ́yìn èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kọ́lé síbẹ̀.

Ẹjọ́ Sunningwell, abúlé kan lẹ́bàá Oxford, ni ó la ọ̀nà yìí, lábẹ́ òfin ọdún 1965 tí ó ṣíwájú eléyìí. Ilẹ̀ ìjọ Áńgílíkà ni, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láyé àtijọ́ fún ìtọ́jú àlùfáà. Àwọn ará abúlé a máa mú ajá rìn níbẹ̀, àwọn ọmọdé a máa ta káìtì, wọn a máa já èso inú ẹ̀gún, bí yìnyín bá sì bọ́, wọn a máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkọ́lé dé, ìgbìmọ̀ abúlé béèrè pé kí a kọ ilẹ̀ náà sínú ìwé, káńsù sì kọ̀ fún wọn, pé wọn kò fi hàn pé àwọn tí ń lo ilẹ̀ náà gbà gbọ́ pé ẹ̀tọ́ àwọn ará abúlé nìkan ni. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, ní ọdún 1999 sì ni Lord Hoffmann, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara mọ́, sọ pé ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń lo ilẹ̀ kọ́ ni òfin ń béèrè, bí kò ṣe ohun tí ó ń ṣe ní gbangba tí onílẹ̀ ń wò ó. Àwọn ará Sunningwell jàre. Ní ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga tún fi ọwọ́ sí i pé kí Warneford Meadow, nínú ìlú Oxford gan-an, di pápá ìlú, bí àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà, tí wọ́n jẹ́ àjọ ilé ìwòsàn, tilẹ̀ tako ó.

Ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni ìjọba dín ọ̀nà yìí kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti ọjọ́ tí a bá ti kéde ìbéèrè àṣẹ ìkọ́lé lórí ilẹ̀ kan, ẹnu ọ̀nà pápá ìlú ti tì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn pápá wọn gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí ogún ọdún jọ nígbà tí kò tí ì sí ìjà, kí wọ́n sì bẹ káńsù pé kí wọ́n kà á mọ́ àyè ewéko àdúgbò nínú ìwé ètò, ẹ̀tọ́ tí ìlànà orílẹ̀-èdè ti fún wọn láti ọdún 2012.

8. Lẹ́yìn ìdájọ́

Bí káńsù bá kọ̀, olùbéèrè ní oṣù mẹ́fà láti pẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ìjọba. Ìwé àtakò àtijọ́ yóò tẹ̀ lé ẹjọ́ náà dé ibẹ̀, ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí a kọ ọ́ dáradára nìyẹn. Bí káńsù bá gbà, alátakò kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó kù fún un, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í sì í ṣe lórí pé ìdájọ́ náà kò dára, bí kò ṣe lórí pé káńsù ṣi òfin lò. Òfin kò dọ́gba fún àwọn méjèèjì níhìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mọ́kànlélógún àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ọjọ́ tí ó kù lọ.

Ìdánrawò

(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè kíkún àti ìbéèrè ìlànà? Èwo ni alátakò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

(b) Tún ìwé àtakò ẹni kìíní inú ìpín karùn-ún kọ, kí ó lè wúlò fún káńsù. O kò gbọ́dọ̀ parọ́ kankan mọ́ ọn.

(d) “Ohun tí ẹni tí ń lo ilẹ̀ ń ṣe ni òfin ń wò, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.” Ṣàlàyé bí ìlànà yìí ṣe ran àwọn ará Sunningwell lọ́wọ́.

(e) Lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, béèrè bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, kí o sì wádìí bóyá aládùúgbò ní àyè láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ, mú un wá sí kíláàsì, kí o sì fi wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.